Irin Ẹsẹ̀ Igbẹ́kọ̀yí

Akparé, ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹfà, 1938

Kàyé ìkọ̀wé méjì ni Mùsé Dominique, nọ́ọ̀sì dókítà, kó fún mi lónìí. Ọ̀kan wà fún ìwọ̀n àwọn ọmọ. Ìyẹn kì í ṣe tèmi, ti dókítà òyìnbó ni. Èkejì ni mo ń kọ yìí. Ó ní kí n máa fi tún ọwọ́ mi ṣe, torí pé lẹ́tà mi ń rìn bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kò sọ ohun tí n ó máa kọ. Ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ni n ó máa kọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mí. Kì í ṣe èmi ni wọ́n fẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Léon tí a jọ wà nílé ìwé ni wọ́n fẹ́, torí ó gba sẹ̀tífíkà. Ṣùgbọ́n Léon ti wà lọ́fíìsì kọ̀màndáà, olórí òyìnbó, ní Atakpamé, ó ti ń wọ bàtà. Ọdún mẹ́ta péré ni èmi lò nílé ìwé kí ìyá mi tó kú, tí Bàbá sì ní oko ń dúró dè mí. Wọn ò rí Léon, wọ́n wá mú èmi. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mi ò mọ bí méjèèjì ṣe ń gba ara wọn láyè nínú mi.

Abẹ́ igi máńgòrò ọjà ni Mùsé so ìwọ̀n náà kọ́. Aṣọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ bí àpò, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ sí. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n gbé wá. Ìyá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ wá, á gba ìyẹ̀fun igbá kan ní gbogbo ọjọ́ Ajé: àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Á máa fi ro ẹ̀kọ fún ọmọ náà títí iṣu tuntun á fi jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa wọ̀n wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí wọ́n bá ń wúwo sí i, ẹ̀kọ á dúró. Bí wọn ò bá wúwo, dókítà á kó àwọn àpò ìyẹ̀fun náà lọ sí ìlú Elavagnon. Àwọn ará ibẹ̀ náà ń bẹ̀ ẹ́.

Ará ìlú Anécho ni Mùsé, èdè Ifẹ̀ wa tó gbọ́ kò ju ìkíni lọ. Ẹnu mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Ìyá Ẹ̀taòkò ló kọ́kọ́ fọhùn. Òun ni ìyá àgbà tó ń so irin mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó yí ìwọ̀n náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Òwú ni wọ́n ń gbé kọ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá mo ru ẹrù òwú mẹ́rin lọ bá òyìnbó tó ń rà á. Ìwọ̀n ní méjì àbọ̀ ni. Ṣé òun náà ló fẹ́ sọ bí ọmọ ọmọ mi ṣe tó fún mi?"

Mùsé ní kí n sọ fún un pé ti òwú kọ́ nìyí.

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n," ó dá mi lóhùn.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mùsé kò rẹ́rìn-ín, torí mi ò túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ó ní kí wọ́n bọ́ irin ẹsẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti òǹdè kúrò lára àwọn ọmọ. Ṣe ni ìyá kọ̀ọ̀kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá Ẹ̀taòkò ní irin àbíkú kì í kan ilẹ̀, kì í sì í bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Òógùn ti bo Mùsé lójú. Ó ní, "Jẹ́ kó wà lára wọn. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Igbẹ́kọ̀yí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Ìbíọlá: 6 kíló 150. Òpó ìlà kan wà ní ìparí ojú ìwé tí Mùsé ní ohun tí a bá fojú rí là ń kọ síbẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe irin ẹsẹ̀ ọmọ ní Faransé, ojú sì tì mí láti béèrè. Àbí ta ni yóò kà á.

9 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Bàbá ní ọwọ́ tó ń kọ̀wé kò gbọdọ̀ gbàgbé ọkọ́.  Agbọ̀n àgbàdo kan ti di fráǹkì mẹ́ta lọ́jà Anié.

20 oṣù kẹfà

Mo yà sí ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń ro ẹ̀kọ náà, òórùn ẹ̀pà gba gbogbo àgbàlá. Ó ti sin ọmọ méjì kí ó tó bí eléyìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Igbẹ́kọ̀yí, pé igbó tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ lọ ti kọ̀ ọ́. Mo gbé e. Ó fa irun mi, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu mí ní ìhà. Ó wúwo lọ́wọ́ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má fi ẹnu wọ̀n ọ́n."

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìkòkò. Mi ò fẹ́ràn bí ó ṣe ń wo ìkòkò náà.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù keje

Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá. Wọ́n ti rán Mùsé lọ sí Anié lọ gún abẹ́rẹ́ ìgbóná. Èmi nìkan ló kù láàárín òun àti àwọn ìyá.

Ó gùn bí ọ̀pẹ, etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ọmọ, láìsí ohunkóhun lára. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn, ó sì ṣẹlẹ̀: wọ́n fa ọmọ mọ́ àyà. Ni òyìnbó yìí bá ṣí fìlà, ó kọjú sí Ìyá Ẹ̀taòkò, ó ní kí n bi í léèrè kí ni òfin irin náà.

Ìyá Ẹ̀taòkò gbé ojú sókè wò ó. Kò sí òyìnbó tó bi í léèrè nǹkan rí. Ó ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹbí ọmọ.

Dókítà ní, "Kí ìyá rẹ̀ dì í mú nígbà náà."

Ìyá Ẹ̀taòkò wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Ìyẹn kò rú òfin," ó ní.

Bí wọ́n ṣe tú u nìyẹn. Ìyá kọ̀ọ̀kan dúró, ó di irin àti ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú ní igbáàyà bí ẹyin, ọmọ ń ké nínú àpò aṣọ, dókítà ń ka nọ́mbà, mo ń kọ. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a fi máa parí. Dókítà ní mo ṣe dáadáa. Mo rìn délé bí ẹni tó wọ bàtà.

7 oṣù keje

Mùsé gun kẹ̀kẹ́ dé nínú ẹrẹ̀. Kò jókòó.

Dókítà ti fi nọ́mbà oṣù kẹfà wé ti oṣù keje. Nínú mẹ́rìnlélógún, ogún ló fúyẹ́ sí i. Dókítà ní bóyá àwọn àgbà ló ń jẹ ẹ̀kọ náà, bóyá kò wúlò, ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ń kọ lẹ́tà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23, ni yóò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rélùwéè. Lẹ́yìn ìyẹn, Elavagnon ló ni àwọn àpò náà.

"Àwọn ìyá yìí ń gba ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọjọ́ Ajé," Mùsé ní. "Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo wá orúkọ Igbẹ́kọ̀yí. 6 kíló 150. 5 kíló 900. Ojú ìkòkò yẹn àti ojú ìyá ọkọ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

8 oṣù keje

Ohun tí mo ṣe lónìí kò dára, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi létí odò. Mi ò kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ń fi ẹ̀kọ ọmọ bọ́ ìyá ọkọ yín."

Ó gbé aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Nọ́mbà ló sọ ọ́."

"Nọ́mbà." Ó wò mí tìtì. "Àpọ̀kẹ́, nígbà tí Ìyá kú, èmi ni mo ń fi ìka bọ́ ọ lẹ́kọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà, o kì í jẹun. Mi ò tọ́ ọ wò rí kí o tó yó. Lónìí o wá fi nọ́mbà bú mi."

Ó kó aṣọ rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó lọ. Aṣọ náà pọ̀ ju aṣọ ọmọ kan lọ. Mo rí i pé ó pọ̀. Mi ò ronú kàn án.

9 oṣù keje

Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù keje

Ọjọ́ ìyẹ̀fun. Ẹ̀gbọ́n mi wá pẹ̀lú àwọn yòókù, ó gba igbá tirẹ̀, ó fi ẹ̀yìn kọ mí. Igbẹ́kọ̀yí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀. Irin náà ń ró: ṣán, ṣán.

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Ní oṣù kẹfà, irin náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ìwọ̀n. Ní oṣù keje, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà.

Gbogbo wọn ni. Ohun tó fúyẹ́ kì í ṣe ọmọ. Irin ni, ìlẹ̀kẹ̀ ni, owó ẹyọ ni, òǹdè ni. Mùsé wà níbẹ̀ ní ti àkọ́kọ́, dókítà wà níbẹ̀ ní ti èkejì. Èmi nìkan ni mo rí méjèèjì. Òpó ìkẹyìn sì wà níbẹ̀ fún mi láti kọ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo nítorí ìtìjú.

Mo sọ fún Mùsé lójú gbogbo ènìyàn. Mo rò pé yóò lù mí. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Báwo ni irin náà ṣe wúwo tó?"

"Mi ò mọ̀."

"Dókítà kò ní gba 'mi ò mọ̀'. Ìwọ̀n wa sì ti lọ sí Anié, kò ní í padà kí lẹ́tà tó lọ."

"N ó wá ìwọ̀n," mo ní.

Ó wò mí bíi pé mo ní n ó lọ wá òṣùpá. Ṣùgbọ́n kò ní kí n má lọ.

14 oṣù keje

Bàbá àti àwọn àgbà ti lọ sí Atakpamé fún ọdún àwọn Faransé láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n lọ dúró lábẹ́ àsíá Faransé nínú oòrùn títí kọ̀màndáà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ. Mo lọ bá Sàlímọ́tù lọ́jà, obìnrin Ọ̀yọ́ tó ń ta tìróò àti kànáfùrù. Ó ní ìwọ̀n kékeré alábọ́ méjì, àwọn ọmọ ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ idẹ.

Mo ṣàlàyé. Ó ń jẹ obì, ó sì ń gbọ́.

"Irin àbíkú nínú abọ́ kànáfùrù mi? Àlíyù ọkọ mi á ní kí n fi omi méje fọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Èwo lo fẹ́? Èyí tí mo fi ń rà ni àbí èyí tí mo fi ń tà?"

Mo ń wò ó, mi ò mọ èyí tí n ó sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. "Ọmọ yìí, mo ń bá ọ ṣeré. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, ojú sì ti ń tì í pé ó jẹ́ olóòótọ́ lọ́jà yìí. Ọmọ mélòó?"

"Mẹ́rìnlélógún."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun náà ti sin ọ̀kan lójú ọ̀nà láti Ọ̀yọ́, ìdí igi kan tí òun kò lè tọ́ka sí mọ́. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù keje

Ọwọ́ mi ń ro mí, ṣùgbọ́n n ó kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó sùn, ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Sàlímọ́tù dé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Mùsé mú páálí ṣúgà kan tí wọn kò tíì ṣí, tí wọ́n kọ kíló kan sí lára. A kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní ìlàjì ìlàjì. Ó pé géérégé. Sàlímọ́tù ní, "Ẹ rí i," bíi pé wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn kàn án láti ọdún mẹ́wàá.

Ìyá Ẹ̀taòkò kọ̀. Ó ní irin kò gbọdọ̀ wọ abọ́ àlejò.

"Kò kan ilẹ̀, Ìyá Àgbà," mo ní. "Ó so rọ̀ lókè."

"Ọwọ́ ta ni yóò gbé e sókè?"

"Ọwọ́ tèmi," Sàlímọ́tù ní.

"Ṣé ẹbí ọmọ ni ìwọ?"

 Ọmọ kan sín. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò ó pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Mo wá gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ̀yin náà ẹ gbé e sókè, Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin lẹ so gbogbo irin wọ̀nyí. Kò sí ọmọ níbí tí kì í ṣe ẹbí yín."

Ó wò mí bíi pé mo bú u. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí Sàlímọ́tù. "Mú un wá. Ká rí bóyá òun náà á purọ́ lọ́wọ́ mi."

Ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ìwọ̀n náà sókè, ó dúró gbọn-in lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan fi irin ọmọ rẹ̀ sínú abọ́, Sàlímọ́tù ń kó ọmọ ìwọ̀n sí èkejì, Mùsé ń ka, mo ń kọ. Lẹ́yìn ẹni kẹta, Ìyá Ẹ̀taòkò ti ń pàṣẹ: "Ìwọ, fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, o ń tì í." Ó wọn ti Ìgè, ọmọ ọmọ tirẹ̀: 380. Mo ṣe é lójú rẹ̀. Oṣù kẹfà, 7 kíló 400 pẹ̀lú irin. Yọ irin: 7 kíló 020. Oṣù keje, ìhòòhò: 7 kíló 300.

"Kí ló sọ?"

"Ó wúwo sí i, Ìyá Àgbà. 280."

 Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wo àwọn obìnrin yí ká, bíi pé òun ló hùmọ̀ ìwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kẹ́yìn. Ó fi tirẹ̀ sínú abọ́ láìwò mí. Mo ti ń retí 400, ó kéré tán 350. Mùsé ka: 160.

Mo ní kí wọ́n tún un wọ̀n. 160. Ìyá Ẹ̀taòkò gbé irin náà sójú oòrùn. Ó ní òun ló so ó mọ́ ọmọ àkọ́kọ́, òun ló tú u, òun ló so ó mọ́ èkejì. Ó ti dógùn-ún, ó ti tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

6 kíló 150, yọ 160: 5 kíló 990. Oṣù keje, 5 kíló 900. Ó fi 90 dín.

Ogún ọmọ wúwo sí i. Ọ̀kan wà bó ṣe wà. Mẹ́ta fúyẹ́ lóòótọ́: méjì ní òdìkejì odò, àti Igbẹ́kọ̀yí. Àwọn obìnrin ń jó. Mi ò lè jó.

19 oṣù keje

Mo fi kereyọ̀n ìkọ̀wé kọ 360 síbi tí 160 wà. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ni. Pẹ̀lú 360, Igbẹ́kọ̀yí wúwo sí i. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo wo nọ́mbà náà fún ìgbà tí ó tó láti bó iṣu kan. Ó lẹ́wà.

Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, kò sí ẹni tó máa yà wá wò ó mọ́. Mo fi ìka tútù pa á rẹ́, ó sì fi àmì dúdú sílẹ̀. 160.

Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń fọ aṣọ. Aṣọ pọ̀ bí ti ọjọ́ yẹn létí odò. Òórùn rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò kúnlẹ̀, torí orúnkún nìkan kò tó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì yín bú. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́."

Ó ń fọ aṣọ lọ.  Ó wá ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú rẹ̀ ti ń ṣàn. Ohun tó bá wọlé, ó ń jáde."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Sọ fún ta?" Ó fún aṣọ náà títí ó fi dún. "Ẹni tó bá ní irú ọmọ tèmi, tó bá la ẹnu pé ara rẹ̀ kò yá, gbogbo ilé á ti máa wo ẹ̀gbẹ́ igbó. Ti àkọ́kọ́, mo sọ. Ti èkejì, mo sọ. Eléyìí, mo pinnu pé mi ò ní sọ."

"Ìyá ọkọ yín ńkọ́?"

"Òun ló ń bá mi kó aṣọ pamọ́. Ẹ̀kọ tí o ní ó ń jẹ, ó ń wò ó kí ó má bàa jó ni."

Ojú tì mí dé ìka ẹsẹ̀. Mo sọ fún un pé lọ́la ni mò ń gbé kàyé lọ sí Atakpamé, kó gbé ọmọ, ká jọ lọ. Ó ní rárá. Ó ní mo fẹ́ kọ ọmọ òun mọ́ àwọn tó ń lọ. Mo ní mo ti kọ ọ́ mọ́ wọn. Mo ní, "Bí mi ò bá kọ ọ́, á lọ láìsí ẹni tó mọ̀."

Ó ní kí n jáde.

20 oṣù keje, Atakpamé

Nígbà tí mo dé orí ọ̀nà, ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sórí òkúta, ó ti pọn ọmọ.  Mo gbé ẹrù rẹ̀ kún tèmi.

A rìn títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọmọ náà kò fa irun mi nígbà tí mo gbà á pọ̀n. Ó kàn gbé orí lé mi lẹ́yìn. Nígbà tí a gun òkè ibi tí a ti ń rí àwọn òrùlé páànù Atakpamé, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi ní Faransé kí n má bàa sunkún.

Mùsé mú wa wọ ilé ìwòsàn. Dókítà ṣí kàyé náà. Ó kà á, ó tún kà á. Ó bi mí ta ló wọn irin. Mo fi Faransé mi tó fọ́ sọ fún un: ìwọ̀n Sàlímọ́tù, ọwọ́ Ìyá Ẹ̀taòkò, ẹnu Mùsé, ọwọ́ mi. Ó ní kí ló dé tí òpó ìkẹyìn ṣófo ní oṣù kẹfà. Mo ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú sì tì mí.

Ó ní, "O lè kọ ọ́ ní èdè rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi rí.

Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ogún ọmọ tó wúwo. Kò sọ ọ́. Orí àwọn mẹ́ta ló fi ìka lé. Ó bi Mùsé nípa àwọn méjì òdìkejì odò. Mùsé ní wọn kì í tètè dé, ìyẹ̀fun a ti fẹ́ tán, ohun tó bá kù nísàlẹ̀ àpò ni wọ́n ń gbà. Dókítà ní kí Mùsé máa gbé tiwọn sọdá fún wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé àmì dúdú tó wà lábẹ́ 160. Ó wò mí. Mi ò gbé ojú kúrò. Kò béèrè.

Ó dìde, ó ní, "Ọmọ kẹta dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀.

21 oṣù keje

Wọ́n ní kí a dúró. Oògùn funfun nínú omi, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Gbogbo omi rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sè. Ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń se omi bí ẹni tó ń sè é fún ọba.

22 oṣù keje

Ó bì. Ó tún bì.

23 oṣù keje

Lẹ́tà lọ pẹ̀lú rélùwéè. Mùsé ní kì í ṣe èyí tí dókítà kọ tẹ́lẹ̀. Akparé ló ni àwọn àpò náà títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ǹ bá fò sókè. Lónìí mo kàn ní "Ẹ ṣé," mo padà lọ jókòó ti ọmọ náà.

Aṣọ mẹ́rin péré ni a fọ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló kà á. Ó ní òun ti ń di akọ̀wé.

24 oṣù keje

Aṣọ méjì. Ó fa irun mi.

27 oṣù keje

A ti délé. Bàbá ní gbogbo oko ti di igbó nítorí mi. Ó sọ ọ́ tán, ó fi ẹran ìgbẹ́ kan sínú ọbẹ̀ mi láìwò mí.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹjọ

Ìwọ̀n kẹta. Ọ̀run ṣú láti àárọ̀ ṣùgbọ́n kò rọ̀. Mùsé wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀. Ìyá Ẹ̀taòkò ti dé ṣáájú gbogbo wa, ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ to àwọn ìyá sórí ìlà. Obìnrin tuntun kan láti oko béèrè pé ṣé bí wọ́n ṣe ń wọn òwú nìyí. Ìyá Ẹ̀taòkò ní, "Òwú ni ti bàbá rẹ. Bọ́ irin ọmọ rẹ, dì í mú, dákẹ́."

Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó tú irin náà. Ó yẹ kó dì í mú bí àwọn yòókù. Ó wò mí, ó fà mí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ìyá Ẹ̀taòkò rí i. Kò sọ pé ó rú òfin.

Ọmọ náà ké nínú àpò aṣọ, ó ju ẹsẹ̀ òfìfo méjèèjì. Dókítà ka nọ́mbà. Mo kọ ọ́, irin náà ń ró lórí kàyé: ṣán, ṣán.

Igbẹ́kọ̀yí, ìhòòhò: 6 kíló 120.

Mo wá kọjá sí òpó ìkẹyìn, mo fi èdè wa kọ ohun tí mo rí: irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀.